Omi Ọyàn Lábẹ́ Awò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta láàbù mi ní Ìlobù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn èèyàn á máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú ike kékeré tó fi ìwé ìròyìn wé dáadáa bí ẹni gbé ẹran díndín wá fún àna rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀: gbogbo ohun tí ará ilé wọn kò fẹ́ fojú kàn, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá fún tẹ̀ríntẹ̀rín. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi kì í ṣe dókítà. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Nísinsìnyí mo máa ń dá wọn lóhùn ni, torí bí mi ò bá dáhùn, wọ́n á rò pé etí mi ló di, wọ́n á sì tún un pè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Dókítà gidi kan wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ kò dé Ìlobù rí láyé rẹ̀. Ará Faransé ni, ó sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Ẹnu olùkọ́ wa àgbà kan nílé ẹ̀kọ́ ìlera ni mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Olùkọ́ yìí fẹ́ràn ọkùnrin náà bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà. Ó ní láyé ìgbà yẹn, ohun ìṣeré lásán ni àwọn dókítà ńláńlá ìlú rẹ̀ ka maikirosikóòpù, awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá, sí. Ojú tí Ọlọ́run fi síwájú orí ti tó dókítà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi awò ṣe? Ọkùnrin náà kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó to awò púpọ̀ sórí tábìlì nínú yàrá ńlá kan, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ̀jẹ̀, itọ́ ẹnu, ọyún, kò sí ohun tó ń jáde lára èèyàn tí kò fi sábẹ́ awò. Ó rí kòkòrò bíńtín kan lára obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ṣáájú rẹ̀. Ó tún ya fọ́tò ohun tó ń rí, nígbà tí fọ́tò yíyà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun àràmàǹdà láyé.

Ó yẹ omi ọyàn náà wò. Olùkọ́ wa ní àwọn obìnrin olówó ìlú rẹ̀ kì í fọ́mọ lọ́yàn fúnra wọn nígbà yẹn, wọ́n máa ń gba obìnrin mìíràn tí yóò bá wọn ṣe é. Ọkùnrin yìí á wá kán omi ọyàn obìnrin náà sórí gíláàsì, á wo àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá inú rẹ̀ bóyá wọ́n pọ̀, á sì sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Ibi tí olùkọ́ wa bá dé nìyí, á rẹ́rìn-ín, á mirí. "Ibẹ̀ ló ti ṣì í," ni yóò wí. "Ojú rẹ̀ ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ojú náà rí ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ó yẹ kí n sọ ti ara mi náà díẹ̀. Ọmọ Ìlobù ni ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ń bẹ láàárín wọn tó dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ní kékeré, bí mo bá wà ní Ìlobù, wọ́n á ní ọmọ Ìfọ́n ni mí. Bí mo bá sọdá sí Ìfọ́n fún ọlidé, wọ́n á ní ọmọ Ìlobù ti dé. Kò dùn mí rí, torí níbi méjèèjì ni wọ́n ti ń bu ẹ̀wà fún mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wá gbóná, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́ ni, mo sì máa ń jẹ́ kí ojú mi wà nínú awò.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná láti ọjọ́ mẹ́ta, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, mo gbé awò sẹ́bàá fèrèsé, mo dojú dígí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará Faransé ọ̀hún máa ń lo oòrùn láyé tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òógùn ń ro sí i lójú bíi tèmi. Ọmọbìnrin kan wọlé, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìgò oògùn ikọ́ kékeré kan tó ti fọ̀ mọ́ lé orí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ omi ọyàn mi wò."

"Yẹ kí ni wò?"

"Omi ọyàn mi, mà. Ìyá ọkọ mi ní ó korò."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ẹ̀rín pa mí. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí bẹ́ǹṣì, oòrùn ń sáré kúrò lójú fèrèsé, ẹnì kan wá gbé ọyàn wá. Mo ní a kì í yẹ ọyàn wò níbí. Mo ní kò sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ó ní bí kò bá tiẹ̀ sí, kí n ṣáà bá òun kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dáa, kí n sì lu òǹtẹ̀ sí i, ìyẹn ni ìyá ọkọ òun máa gbà. Inú wá bí mi gan-an. Mo ní mi ò kì í kọ èsì ohun tí mi ò yẹ̀ wò, kó má bà mí lórúkọ jẹ́. Òótọ́ ni mo sọ, ọwọ́ mi mọ́. Ọmọbìnrin náà dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun mà," ó sì lọ. Ó gbàgbé ìgò rẹ̀ sórí tábìlì. Mo dà á nù, mo pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ sí Ìfọ́n lọ kí àbúrò bàbá mi, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Kò tíì jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti gbọ́ tọmọ aládùúgbò wa yìí, èyí tó fẹ́ ọkọ sí Ìlobù yín lọ́hùn-ún? Wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Wọ́n ju èèrà sínú omi ọyàn rẹ̀, èèrà kú. Wọ́n ní májèlé ni. Ọjọ́ kẹfà rèé tó jẹ́ omi ẹ̀kọ àti àgbo ni wọ́n ń rọ ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ní kó máa fún ọyàn rẹ̀ dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ níbí fẹ́ lọ wò ó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ṣe tún gbóná, kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé e. Wọ́n ní ọmọ náà ti fẹ́lẹ́ bí ewé."

Mo mọ èèrà yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà nílẹ̀ wa ló máa ń ṣe é: wọ́n á fún omi ọyàn sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á ju èèrà sí i, bí èèrà bá rìn jáde, omi ọyàn dáa. Bí èèrà bá kú, ó ti korò nìyẹn, kí wọ́n yáa já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé ọmọbìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé.

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. "Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní a kì í yẹ ọyàn wò."

"O káre láé," ló wí. "Ìwọ lo ní ẹ̀rọ tó ń rí ohun tí ojú kò rí. Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ, o ò rí ìyà lójú rẹ̀. Kí ni ká wá pe ìyẹn? Dìde, máa lọ. Ẹ̀wà tí mò ń ṣà yìí kì í ṣe tìẹ."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọbìnrin náà, kò sí èyí tí mo fi béèrè pé ọmọ dà. Mo dìde lóòótọ́. Ọlọ́kadà tó mọ̀ mí níhìn-ín tó sì mọ̀ mí lọ́hùn-ún ló gbé mi padà sí Ìlobù, ẹ̀yìn ilé ìwé ìjọ níbi tí àbúrò bàbá mi júwe fún mi ni mo sì gbà lọ tààrà. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ náà jọ sẹ́nu lójú ọ̀nà. Ìjà ni mo gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni ìjà. Obìnrin kékeré ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ó gbé ọmọ náà sẹ́sẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bu omi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìyàwó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, iwájú búláòsì rẹ̀ tutù, kò sì gbójú sókè.

"Dókítà," ni ìyá náà wí, kí n tó kí i tán, "ọmọ yìí kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò bá ẹnì kankan jà. Àkọ́bí tèmi, omi ọyàn mi ló pa á. Èèrà kú sí i. Wọ́n já a gbà lẹ́nu ọmú mi, ṣùgbọ́n májèlé ti wọ̀ ọ́ lára ná, kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mi ò ṣe ojúsàájú sí ìyàwó mi. Èèrà mẹ́ta ni mo jù sí tiẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ọ̀kan ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ṣàṣá ìgbálẹ̀ ni mo fi tì wọ́n sí i dáadáa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Kì í sì í ṣe torí pé ó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n o."

Mi ò tíì mẹ́nu ba Ìfọ́n rárá. Mo bojú wo ìta. Ọmọ bíbí inú ìyá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ń fọ́mọ tirẹ̀ lọ́yàn. Ọmọ ọ̀hún sanra tó jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ kò hàn.

"Màmá, ti àǹtí yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ju èèrà sí i?"

"Kí ni mo fẹ́ ju èèrà sí tiẹ̀ fún?" Ó yà á lẹ́nu. "Ṣebí ọmọ mi ni."

Nígbà yẹn ni ará Faransé mi yọjú sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú àwọn awò tó tò sórí tábìlì. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo ní, "Màmá, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí láàbù mi, gbogbo wa. Ẹ wá fi ojú ara yín wo omi ọyàn náà." Kò pẹ́ kó tó gbà. Mo rò pé òun náà ti ń wá ohun tí yóò gba òun lọ́wọ́ ẹ̀rù. Ó pọn ọmọ, ìyàwó tẹ̀ lé e, àǹtí gbé ọmọ sanra tirẹ̀, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba títì kọjá, àwọn èèyàn sì ń kí wa pé a kú ìnáwó.

Mo ní kí ìyàwó fún díẹ̀ sínú ìdérí ike, kí àǹtí náà fún díẹ̀ sínú òmíràn. Mo kán ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Mo wá pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sí gíláàsì, mi ò rí i, mo bá mú bírò. Ìlà kan fún ìyàwó, ìlà méjì fún àǹtí. Mo yí dígí sí oòrùn, mo ní kí Màmá wá wò ó.

Kò rọrùn. Ó kọ́kọ́ di ojú tó yẹ kó là. Lẹ́yìn náà ó ní òun rí igbó dúdú kan, mo ní irun ìpéǹpéjú yín nìyẹn, Màmá, ẹ gbójú sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbójú sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Ó tún sún mọ́ ọn.

"Yéè," ló wí. "Ó dà bí epo lójú ọbẹ̀. Roboto roboto. Wọ́n ń rìn!"

Mo ní ọ̀rá nìyẹn, òun ló ń mú ọmọ sanra. Mo yọ gíláàsì yẹn, mo ti ìkejì bọ̀ ọ́, ó wò ó. Ó ní kí n dá ti àkọ́kọ́ padà. Mo dá a padà. A ṣe é tó ìgbà mẹ́rin.

"Ó dáa, Màmá," ni mo wí. "Èwo ló korò nínú wọn?"

Ó rò ó. Ó nàka sí ọ̀kan. "Èyí ni tiwa. Ó ki."

Inú mi dùn láti mú gíláàsì náà kí n fi àmì rẹ̀ hàn án. Kò sí àmì. Mo mú ìkejì, kò sí níbẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń tì wọ́n bọ̀ tí mo ń yọ wọ́n, ọwọ́ mi tó tutù ti nu bírò kúrò pátápátá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn! Mo tẹ̀ mọ́ awò, mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì pẹ̀lú ojú tó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Irọ́ dé ẹnu mi, mi ò ní fi pamọ́. Ó rọrùn kí n sọ pé, "Màmá, èyí tí ẹ mú yẹn, ti ìyàwó yín ni." Òǹtẹ̀ mi wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìwé wà, ọmọ sì ń sunkún bí ológbò kékeré lẹ́yìn ìyá náà. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú tó fẹ́ rí ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

"Màmá, mi ò mọ̀," ni mo wí. "Àmì ti parẹ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ìyàwó yín nínú méjèèjì."

"Ìwọ tí o ni ẹ̀rọ?"

"Èmi tí mo ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè wo èyí tó máa mọ ti Ìlobù yàtọ̀ sí ti Ìfọ́n."

Ó wo èmi, ó wo awò. "Kí ni èèrà wá mọ̀?"

"Èèrà ò mọ nǹkan kan, Màmá. Kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni."

Èèrà kì í wọ́n lójú fèrèsé mi, torí ìtọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Mo mú ọ̀kan, mo jù ú sínú ife omi tí mò ń mu, mo fi bírò tì í wọlé bó ṣe ní òun fi ìgbálẹ̀ ti tirẹ̀. Ó jà díẹ̀, kò sì mira mọ́. Ìyá náà tẹjú mọ́ ife omi yẹn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ wá síwájú, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Gbà á. Fún un lọ́mú."

Bí ọmọ náà ṣe ń gbé omi ọyàn náà mì, a gbọ́ ọ dé ìdí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó bú sẹ́kún, àǹtí bú sẹ́kún, èmi náà fi aṣọ iṣẹ́ nu imú. Mo pe ọlọ́kadà pé kó gbé ìyá àti ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ọmọ náà kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lára padà. Ó ti ń sáré báyìí. Bí ó bá ti kọjá níwájú láàbù mi, á ju òkúta lu páànù orí ilé mi, mo sì máa ń fi ẹnu bú u láìní inú bíbí kankan.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀kadà ti gbé wọn lọ tí àǹtí náà ti bọ́ sóde, Màmá kò dìde. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo bu omi tútù fún un. Kò gbà á. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú fèrèsé. Mo yí dígí tẹ̀ lé e, ó sún mọ́ awò, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ ojú tó yẹ kó dì. Ó wò ó títí. Kò gbójú kúrò níbẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹyọ kan péré," ló wí. "Ẹyọ èèrà kan péré ni wọ́n jù sí tèmi."